Ilé Ìdáná Dèbórà Kò Lọ sí Àkúrẹ́

Olórí kunkun ni wọ́n ń pe Dèbórà Ọmọ́ṣọlá, mo sì ti gbọ́ ọ tó. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi Sólómọ́nì Òkìkí, káfíńtà ọkọ̀ ní Ayétòrò, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá húkọ́ nílé rẹ̀, èmi ni mo máa kí i pẹ̀lẹ́ láti ilé tèmi. Mo wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀. Kódà, díẹ̀ ló kù kí n bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. N óò sọ ìyẹn náà, torí pé ẹni tó bá ń sọ ìtàn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́.

Ọdún 1952 ni wọ́n bí i síhìn-ín, nígbà tí ìlú ṣì kéré. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú. Bàbá rẹ̀ ń ran àwọ̀n, ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń dáná fún ìjọ. Ìdí ìkòkò ńlá ni Dèbórà ti kọ́ oúnjẹ sísè, kò mọ oúnjẹ ẹni méjì títí di òní. Bó bá ní kí n wá jẹ díẹ̀, kí n yára tú bẹ́líìtì ni. Nígbà tí àwọn elépo dé sí omi wa, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa dáná nínú ilé orí omi wọn lẹ́bàá Òde Ùgbò, òun ni wọ́n mú. Ọdún 1976 nìyẹn. Ọdún méje ló lò níbẹ̀.

Inú ilé orí omi yẹn ni ẹ̀rọ náà wà. Àpótí irin kan ni, funfun, ó ga dé ìgbáròkó mi, gígùn rẹ̀ kò sì ju ibi tí apá mi méjèèjì nà dé lọ. Lórí rẹ̀ lápá òsì, síńkì tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Lápá ọ̀tún, ojú iná gáàsì mẹ́ta. Lábẹ́ iná, ààrò tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Lábẹ́ síńkì, fíríìjì kékeré. Ilé ìdáná odindi ni òyìnbó kó sínú àpótí kan! Fíríìjì yẹn kì í sì í lo iná mànàmáná. Iná gáàsì kékeré kan, tí kò tó ti àbẹ́là, ló ń jó lẹ́yìn rẹ̀, iná yẹn ló ń mú inú rẹ̀ tutù. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní irọ́ ni. Iná wo ló ń mú nǹkan tutù? Mo bá a jiyàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì náà. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, tí kì í ṣe ará ibí, ló so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìgbànú. Dèbórà ló ń dáná lórí ẹ̀rọ yẹn láti àárọ̀ dé alẹ́, òun ló ń nù ún, òun ló ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣí i. Nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọláyíwọlá, ooru mú un lọ́jọ́ kan débi tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó tọrọ omi tútù, ife kan péré. Ọkùnrin yẹn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Omi ń bẹ lódò nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tútù ni."

Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ìgbà ogójì.

Lẹ́yìn ọdún méje, àwọn elépo kó lọ síbòmíràn, wọ́n fi ilé orí omi náà sílẹ̀ níbi tó so mọ́. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan sínú ẹrọ̀fọ̀, àkàn gbà á. Dèbórà padà wálé, ó ń ra edé, ó ń sá edé, ó fi rán Ọláyíwọlá níléèwé títí ọmọ fi di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú. Àtọ̀gbẹ mú Dèbórà fúnra rẹ̀. Ayé ń lọ.

Ní ọdún 2010, òkun ru. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè, ẹ ò mọ ohun tí mò ń sọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ó gbé ilé mẹ́fà ní àdúgbò wa. Ó gbé ilé ìdáná Dèbórà tó wà níta, òun pẹ̀lú ààrò, ìkòkò àti gbogbo edé tó sá. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wa mu omi iyọ̀, ó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tí Dèbórà ń gún lójoojúmọ́ kò sì gbọdọ̀ gbóná, inú fíríìjì ló yẹ kó máa wà. Ó gbóná, ó bàjẹ́, kò mọ̀, ó ń gún un lọ. Ọjọ́ kẹjọ, mo gbọ́ gbì! Mo sáré wọlé, mo bá a nílẹ̀, òógùn bò ó.

Ọláyíwọlá dé láti Àkúrẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní.

"Màmi, ẹ kó ẹrù yín. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ó máa gbé."

"Kí ni mo ń wá lọ sí Àkúrẹ́?"

"Fíríìjì," ni ọmọ wí. "Fíríìjì lẹ ń wá lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Kò síná níbí. Ilé ìdáná pàápàá, ẹ ò ní mọ́. Òkun ti gbé ilé mẹ́fà."

Dèbórà gbé ara sókè lórí ìgúnpá. "Òkun tó gbé ilé mẹ́fà, kò gbé tèmi. Bó bá máa lé mi, kó wá lé mi fúnra rẹ̀. Má gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ ló ń bà á. Ó ní, "Ó dáa. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni n óò padà wá. N óò gbé òògùn tuntun dání nínú kúlà. Bí mo bá rí ibi tó tutù nínú ilé yìí tí mo lè kó o sí, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí n kò bá rí i, Màmi, ẹ máa wọ ọkọ̀ ni, bó jẹ́ pé mo máa gbé yín lé èjìká."

"Mo gbà," ni Dèbórà wí. Ó kọjú sí mi. "Bùọ̀dá Sólómọ́nì, ẹ gbọ́ o?"

Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọmọ náà fi ìgò òògùn kékeré kan sílẹ̀, ó ní ká máa fi aṣọ tútù wé e nínú ìṣà omi títí òun yóò fi dé, ó sì lọ. Ó dá mi lójú pé ó mọ̀ pé ìyá òun ti pàdánù. Ní Ayétòrò tí kò síná, níbo ni ibi tútù fẹ́ ti wá?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni obìnrin tí kò tíì lè rìn dáadáa ní kí n pe Mátíù ọlọ́kọ̀, kí á lọ sí Òde Ùgbò.

"Kí la fẹ́ gbé?"

"Ilé ìdáná mi."

Baálẹ̀ ìletò tó wà létí ibẹ̀ ní ká máa gbé e lọ, pé irin tó ń fa aṣọ àwọn ọmọ ya lásán ni. Mo wọnú ilé orí omi náà, mo bá ẹ̀rọ yẹn níbi tó dúró sí, ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ létí, ẹyẹ ti su sínú síńkì. Mo ní, "Dèbórà, kòkòrò àti ìpáàrà tí Jésù sọ nìyí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó kàn fi ìka kan lu ara irin náà níbi púpọ̀, bí ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà. Ó ní, "Awọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Egungun rẹ̀ le."

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e jáde. Bí a ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kígbe pé ká dojú rẹ̀ dé. Kí síńkì àti ojú iná wà nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ wà lókè!

Mátíù dúró, ó ń wò mí. "Bàbá, ṣé orí wọn pé?"

"Bi wọ́n," mo ní.

Dèbórà ní kí ó máa fi ẹnu yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹkáníìkì àwọn elépo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí fíríìjì bá kọ̀ tí kò tutù. Ohun tó wà nínú àwọn páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ti dì sísàlẹ̀ bí epo pupa nínú ìgò nígbà ọyẹ́, bí a bá dojú rẹ̀ dé fún ọjọ́ kan, tí a sì ń mì í, yóò padà sáyè rẹ̀. "Ọkọ̀ Mátíù á sì mì ín dáadáa," ló fi kún un. Bí a ṣe gbé ilé ìdáná tó da orí kodò gba ojú omi kọjá nìyẹn, tí gbogbo ọkọ̀ tó pàdé wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan pariwo láti inú ọkọ̀ tiwọn pé, "Ṣé òkú ẹ̀rọ lẹ fẹ́ lọ sin ni?" Dèbórà dáhùn pé, "Tìrẹ ni mò ń lọ sin!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Nílé, kí n tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ó tọ́ka sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì. Àgádágodo yẹn ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi gé ìyẹn dànù."

Mo fi ayùn irin gé e. Ó mú un lọ́wọ́, ó rìn lọ sétí òkun, ó jù ú síbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ti ká apá aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣiṣẹ́. A fi ọ̀bẹ ha ìkarahun kúrò, a fi sáńpépà ha ìpáàrà títí irin fi hàn, mo kun ún ní ọ̀dà funfun tí mo fi ń kun ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó jókòó ti ojú iná, ó ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ yọ ìdọ̀tí nínú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì ti jẹra, mo fi tíúbù táyà gé òmíràn. Rọ́bà tí mo fi ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ ni mo so mọ́ síńkì, kí ìdọ̀tí omi lè máa gba abẹ́ ilé lọ. A so gáàsì mọ́ ọn, ó po ọṣẹ, ó ń fi í pa gbogbo oríkèé páìpù láti wò bóyá yóò hó. Kò hó. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ti ń fọ́nnu káàkiri pé èmi Sólómọ́nì ni mò ń jí òkú irin dìde.

Ìfọ́nnu yẹn ló bà mí jẹ́. Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e dúró sí àyè rẹ̀, Dèbórà lọ sí ìsìn. Mo wo ìdí ẹ̀rọ náà, mo rí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, bọ́ọ̀tù gbọọrọ gbọọrọ. Pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ sílẹ̀ ilé yẹn ni wọ́n fẹ́ lu! Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo gbé ayùn, mo gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó jókòó pẹrẹsẹ lórí pákó, ó fara mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n bí wọn pọ̀. Nígbà tí Dèbórà dé, ó pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ló fi ojú iná kìíní se ọbẹ̀ màrúgbo, a fi pùpùrù jẹ ẹ́. Mo ní mo ti parí iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Sátidé náà, a tan iná kékeré ẹ̀yìn fíríìjì. Ó jó. A gbé ife omi sínú rẹ̀. Ọjọ́rú, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo yẹ iná wò, ó ń jó. Mo yẹ rọ́bà wò, ó dì. Dèbórà kò bú mi, kò bú ẹ̀rọ, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lé orí ara wọn. Inú mi bàjẹ́ débi tí n kò lè jẹun.

Àárọ̀ Ẹtì, ó ń din ẹja tí yóò jẹ lọ́nà Àkúrẹ́. Ló bá figbe ta.

"Bùọ̀dá Sólómọ́nì! Ẹ wá wo òróró yìí!"

Mo sáré dé. Òróró inú apẹ tó fi ń din ẹja ti wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ń jóná.

Mo ní, "Kí ló wá ṣe é? Bí ilẹ̀ ilé ṣe rí nìyẹn." Òótọ́ ni. Kò sí káfíńtà létí òkun wa tó ń tẹ́ pákó ilẹ̀ láì jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí òkun bá wọlé, omi gbọ́dọ̀ rọ́nà bá jáde. Àpótí wa, bẹ́ẹ̀dì wa, gbogbo wọn ló tẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá mi ló kọ́ mi, bàbá rẹ̀ ló kọ́ òun náà. Ẹsẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, a kì í rí i mọ́.

Dèbórà ń wò mí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ilé orí omi máa ń tẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Bó bá ti tẹ̀, fíríìjì á gbóná. Mẹkáníìkì á mú sípánà, á yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká yí ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó dìde. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Ilẹ̀ ò lanu.

"Mo gé e," ni mo wí.

Yéè! Ẹ ò gbọ́ èébú rí. "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Sólómọ́nì!" Kò sí "bùọ̀dá" níbẹ̀ mọ́. "Òkun ò lé mi, ọmọ ò lé mi, ayùn tìrẹ ló fẹ́ lé mi kúrò nílùú mi!"

Èmi náà bínú. Mo ní ṣé mo mọ̀ ni? Ṣé ó sọ fún mi? A pariwo mọ́ra wa títí ẹja fi di èédú. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ sí ìsọ̀ mi, omi lójú mi, n kò ní purọ́. Mo mú ìrókò tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ tí mò ń kàn, mo gbẹ́ pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin, tinrín lápá kan, nípọn lápá kejì. Mo padà dé, mo bu omi kún àwo pẹrẹsẹ kan, mo gbé e sórí ẹ̀rọ náà. Mo ń fi òòlù lu pákó wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Dèbórà ń wo omi.

"Ó kù. Ó kù. Ó pọ̀jù, ẹ fà á sẹ́yìn." Omi náà kan etí àwo yíká bákan náà. "Ó tó."

Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí a tún tan iná. Dèbórà ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga tì í. Ó ní ẹni tó bá ṣí i kí ọmọ òun tó dé, òun àti olúwa rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni Ọláyíwọlá bá dé ní Sátidé. Ó gbé kúlà lọ́wọ́ kan, ó kó báàgì ńlá méjì tó ṣófo lọ́wọ́ kejì, ti ẹrù ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó rí ẹ̀rọ funfun náà, ó gbé báàgì kalẹ̀.

"Ṣí i," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Àwọn aṣọ kíká wọ̀nyẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fa ọwọ́ náà jáde. Ife omi ló mú jáde. Òógùn ti bo ara ife náà, bí ara ẹni tó ṣiṣẹ́ lóòrùn. Ó fi ìka kan ojú omi, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀ fọ́.

"Màmi," ló ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ó tutù."

"Gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Dèbórà mu ún, kò sinmi, ó mu ún títí dé ìdí. Ó nu ẹnu.

"Oyún rẹ ni mo lóyún," ló wí fún un, "ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọrọ omi yìí."

Ọláyíwọlá wo ìyá rẹ̀, ó wo ojú ihò tí àgádágodo wà tẹ́lẹ̀. Èmi rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ìtàn yẹn nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú fíríìjì náà, ó ṣí kúlà, ó ń to ìgò òògùn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ kó ẹja gbígbẹ àti pùpùrù kún báàgì méjèèjì fún ìyàwó rẹ̀, ó gbé wọn padà sí Àkúrẹ́.

Òkun kò tíì dúró. Ó ti lé wa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. A máa ń tú ilé wa, a ń kó pákó àti páànù, a ń kọ́ òmíràn sẹ́yìn díẹ̀, nínú Ayétòrò kan náà. Ẹ̀rọ yẹn ni a kọ́kọ́ máa ń gbé sọ́kọ̀, ní orí kodò. Mátíù kì í béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Èmi sì ni mo máa ń gbé àwo omi lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́ ẹní.

Wọ́n ṣì ń pè é ní olórí kunkun. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń wá sílé rẹ̀, pẹ̀lú ife lọ́wọ́.